Mọ́dù Tí Kò Bá Wọn Dé Ìjoun

Ìwọ tí o fẹ́ ka èyí, mo kìlọ̀ fún ọ o. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún ọ pé nǹkan tí òun ṣe ń ṣiṣẹ́, má tíì yìn ín. Bi í pé níbo ló ti ṣiṣẹ́. Bó bá ní lórí tábìlì òun ni, nínú yàrá òun, lábẹ́ fáànù òun, rọra mú fìlà rẹ kí o máa lọ. Má bá a gbé e. Má fi orúkọ rẹ sí i. Mo mọ ohun tí mo rí kí n tó sọ bẹ́ẹ̀. N kò sì ní í dárúkọ ilé-iṣẹ́ náà, nítorí Ìlaròó ni mo ṣì ń gbé, ọ̀nà ọjà kan náà ni gbogbo wa jọ ń rìn.

Ìbítóyè kò rí ẹni kìlọ̀ fún un. Ọkùnrin ẹni ọdún méjìdínláàádọ́ta ni. JS Three ló dé tí ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀ fi bàjẹ́, tí oko ẹ̀gẹ́ sì pè é. Láti ìgbà náà, bí ó bá rí gẹ̀ẹ́sì tó gùn, àyà rẹ̀ á kọ́kọ́ já kí ojú rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Ó tún rédíò ṣe. Ó tún ẹ̀rọ fọ́tókọ́pì ṣe. Ẹni ọdún mẹ́rìnlélógójì ni nígbà tó lọ jókòó sáàárín àwọn ọ̀dọ́ ní kíláàsì kọ̀ǹpútà tí ṣọ́ọ̀ṣì wọn ń ṣe lọ́jọ́ Sátidé. Wọ́n fi í rẹ́rìn-ín títí, ó sì mọ̀ ọ́n. Kò mọ̀ ọ́n bí ẹni tó ń sáré. Ó mọ̀ ọ́n bí ẹni tó ń fi ọ̀pá wọn omi kó tó gbé ẹsẹ̀ sí i.

Ọ̀gá tó gbà á síṣẹ́ ń jẹ́ Adédọ̀tun. Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n péré. Ó ní ìwé ẹ̀rí nínú férémù, ó ní awò ojú tí kò ṣe nǹkan kan fún ojú rẹ̀, ó sì ní àga kan tó ń yí bírí. Àga yẹn ṣe pàtàkì. Bí oníbàárà bá bi í ní ohun tí kò mọ̀, á yí àga náà lẹ́ẹ̀kan, á kọjú sí ògiri, á tún yí padà, á ní, "Ìyẹn kéré." Gbogbo nǹkan ló kéré lójú Adédọ̀tun. Ìbítóyè ló wá kéré jù. "Bàbá JS Three" ló máa ń pè é níwájú èèyàn, á wá fi "ẹ" sí i, bí ẹni tó fi ìlẹ̀kẹ̀ sọ́rùn ajá: "Bàbá JS Three, ẹ wá wo nǹkan tí ẹ ṣe." Ìbítóyè á ní, "Ẹ má bínú, ọ̀gá." Kì í tíì mọ ohun tó ṣe kó tó bẹ̀bẹ̀.

JavaScript ni èdè tí wọ́n fi ń kọ iṣẹ́ wọn níbẹ̀. Iṣẹ́ ti Ìbítóyè ni ìdánwò. Bí wọ́n bá kọ ètò kan tán, wọ́n á to àwọn ìbéèrè kéékèèké sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ìbéèrè tí wọ́n ti mọ ìdáhùn wọn tẹ́lẹ̀: bí apẹ̀rẹ̀ ẹ̀gẹ́ mẹ́ta bá wọn kílò báyìí báyìí, mélòó ni àròpọ̀ wọn? Ìbítóyè á tẹ àṣẹ, ẹ̀rọ á bi ètò náà ní ìbéèrè wọ̀nyí lọ́kọ̀ọ̀kan, bí obìnrin tó ń ra gàrí ṣe ń bu díẹ̀ díẹ̀ tọ́ wò nínú àpò kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá gbà á, àwọ̀ ewé. Èyí tó bá kùnà, pupa. Ìbítóyè fẹ́ràn iṣẹ́ náà, nítorí ẹ̀rọ kì í bi í pé ìwé mélòó ló kà.

Ẹ jẹ́ kí n rọra sọ ti mọ́dù, kí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n má bàa ṣìnà. Kò sí ẹni tó ń fọwọ́ ara rẹ̀ kọ gbogbo ètò látòkè délẹ̀. Àwọn ìdì iṣẹ́ kan wà tí àwọn ẹlòmíràn ti kọ sílẹ̀ káàkiri ayé. Ọ̀kan mọ bí wọ́n ṣe ń ka ọjọ́ àti oṣù. Òmíràn mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe ìdánwò fúnra rẹ̀. Àwọn ìdì yìí ni mọ́dù. Èèyàn á fà wọ́n wálẹ̀ láti orí íńtánẹ́ẹ̀tì, á kó wọn sínú fódà iṣẹ́ rẹ̀, á sì kọ orúkọ wọn sínú ìwé àkójọ kan tó wà nínú fódà yẹn, kí ẹni tó bá gba iṣẹ́ náà lọ́la lè mọ ohun tó yẹ kó fà wálẹ̀. Bí gbogbo ayé ṣe ń ṣe é nìyẹn.

Adédọ̀tun kì í ṣe ẹgbẹ́ gbogbo ayé. Dátà wọ́n, nẹ́tíwọ́ọ̀kì sì dà bí ibà, a máa dé, a máa lọ. Ó wá dá ọgbọ́n kan. Ó ṣí fódà ńlá kan, ó pè é ní Agbolé, ó kó gbogbo mọ́dù sí àgbàlá rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó wá to gbogbo iṣẹ́ wọn sínú Agbolé yẹn bí yàrá-yàrá. Ó sì ṣiṣẹ́ lóòótọ́. Nítorí bí ètò bá ń wá mọ́dù tí kò sí nínú yàrá tirẹ̀, kì í dúró síbẹ̀ sunkún. Á jáde sí fódà tó wà lókè rẹ̀, á wò ó níbẹ̀.

"Ẹ̀ẹ̀kan la fà á wálẹ̀, títí ayé la ó máa jẹ ẹ́," ni Adédọ̀tun wí, ó sì yí bírí lórí àga.

Láti ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni kò kọ orúkọ mọ́dù tuntun sínú ìwé àkójọ mọ́. Kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe? Ìbítóyè rí i. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ló fi ń rí i. Lọ́jọ́ kan ó lanu, ó ní, "Ọ̀gá, bí a bá wá gbé yàrá kan kúrò nínú Agbolé ńkọ́..."

"Bàbá JS Three, ṣé ẹ fẹ́ máa kọ́ mi ni?"

Ìbítóyè pa ẹnu náà dé. Ó ní ọmọbìnrin kan, Fadékẹ́mi, tó wà ní kíláàsì àṣekágbá ní girama. Iṣẹ́ yìí ló fi ń tọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ tó já gaara kò ra ìwé fún ọmọ.

Ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ kan ní Ìjoun ló ní kí wọ́n kọ ètò tí yóò máa gba ìwọ̀n ẹ̀gẹ́ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sílẹ̀. Akọ̀wé wọn, Màmá Toheebat, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, kì í gba iṣẹ́kíṣẹ́. Ẹnì kan ti kọ irú rẹ̀ fún wọn rí: ó yè lọ́wọ́ ẹni náà, ó kú lọ́wọ́ wọn. Nítorí náà, lẹ́tà tí màmá kọ sí Adédọ̀tun kò gùn. Orí ẹ̀rọ tiwọn, nínú gbọ̀ngàn tiwọn, lójú àwọn ọmọ ẹgbẹ́, ni gbogbo ìdánwò yóò ti yege. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí wọ́n máa gbé e lọ. Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan tó ń ṣe iṣẹ́ yìí ní Ìbàdàn ló kọ́ ọ ní ohun tó yẹ kó béèrè, òun náà ló to ẹ̀rọ wọn sílẹ̀.

Adédọ̀tun ka lẹ́tà náà, ó rẹ́rìn-ín títí awò ojú rẹ̀ fi yọ̀. "Àwọn oníṣu àti ẹ̀gẹ́ fẹ́ wo ìdánwò! Ayé ti dé ibi tó dé." Kò lè lọ fúnra rẹ̀. Eruku ọ̀nà yẹn kò yẹ ẹ́. Ó ṣe àdàkọ fódà kan ṣoṣo, fódà ìwọ̀n ẹ̀gẹ́, sórí fíláàṣì, ó jù ú sí Ìbítóyè. "Ẹ lọ tẹ àṣẹ kan ṣoṣo. Kí wọ́n rí àwọ̀ ewé, kí ẹ máa bọ̀. Ọmọ ọdún méje lè ṣe é."

Ìbítóyè gba fíláàṣì náà. Ó wò ó. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀. Ó sọ pé, "Ẹ ṣé, ọ̀gá."

Àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ ló gun ọ̀kadà, ó gba Ọjà-Ọ̀dàn, ó gba Ẹ̀gúà. Ní ibi ìdínà kan, ọkùnrin kọ́sítọ́ọ̀mù kan ní kó kó àpò rẹ̀ jáde.

"Kí ló wà nínú èyí?"

"Ẹ̀gẹ́ ni, sà."

"Ẹ̀gẹ́? Nínú nǹkan tí kò tó ìka?"

"Ìwọ̀n rẹ̀ ni, sà. Ìwọ̀n ẹ̀gẹ́."

Ọkùnrin náà gbé fíláàṣì sí oòrùn bí ẹni tó ń wo ẹyin, ó dá a padà. "Bàbá, ẹ máa lọ. Oòrùn ti mú yín."

Gbọ̀ngàn ẹgbẹ́ ní Ìjoun kún. Èèyàn bíi méjìlá jókòó lórí bẹ́ǹṣì, kọ̀ǹpútà wọn wà lórí tábìlì lẹ́bàá fèrèsé, wọ́n ti fi aṣọ nù ún. Alága ẹgbẹ́, Bàbá Nàfíù, àgbà tí eyín kù díẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ ṣùgbọ́n tí ọ̀rọ̀ kò tán níbẹ̀, ló kí Ìbítóyè káàbọ̀. "Ṣé ìwọ ni onímọ̀ tí wọ́n rán sí wa? Ó dára. Ìwọ kò wọ awò."

Ìbítóyè ki fíláàṣì bọ ẹ̀rọ, ó gbé fódà náà sójú kọ̀ǹpútà wọn, ó tẹ àṣẹ. Ẹ̀rọ dá a lóhùn kíá: òun kò mọ ẹni tí wọ́n ń pè. Mọ́dù tó ń ṣe ìdánwò gan-an kò sí níbẹ̀.

"Kí ló wí?" Bàbá Nàfíù na ọrùn.

"Ó ní... ẹni tó máa ṣe ìdánwò kò sí nílé, bàbá."

"Tíṣà ò wá sí ìdánwò!" Gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín.

Ìbítóyè náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, bí ẹni tí bàtà rẹ̀ já láàárín ọjà. Ṣùgbọ́n ó mọ ohun tó kàn. Àṣẹ kan wà tó máa ń ka ìwé àkójọ, tí á sì lọ fa gbogbo mọ́dù tí orúkọ wọn wà níbẹ̀ wálẹ̀. Dátà ló ń fẹ́. Ó yọ fóònù rẹ̀. Fóònù náà gbọ̀n, ó gbé ìkíni jáde ní èdè Faransé: *Bienvenue au Bénin*, káàbọ̀ sí Benin. Ó jókòó ní Nàìjíríà, fóònù rẹ̀ ti sọdá ẹnubodè láìgbàwé. Dátà tó rà kò sì bá a sọdá.

"Gbogbo wa ni wọ́n ń kí bẹ́ẹ̀," Màmá Toheebat wí. "Gbé e sójú fèrèsé tó kọjú sí táńkì omi. Ibẹ̀ ni Nàìjíríà wà."

Lóòótọ́, ibẹ̀ ni Nàìjíríà wà. Ó tó ogún ìṣẹ́jú kí àwọn mọ́dù tó wọlé tán. Ìbítóyè tún tẹ àṣẹ. Tíṣà ti wá wàyí. Ọ̀wọ́ ìbéèrè mẹ́rin ló wà: èkínní yege, èkejì yege, ẹ̀kẹta yege. Ẹ̀kẹrin kò tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ó fa ìlà pupa kan, gẹ̀ẹ́sì sì tò sábẹ́ rẹ̀.

Àyà Ìbítóyè já ná, lẹ́yìn náà ni ojú rẹ̀ kà á. *Cannot find module.* Kò rí mọ́dù. Èwo? Datekit, èyí tó ń ka ọjọ́. Ó fi ìka sí orúkọ náà lójú ẹ̀rọ, nítorí ó ti kọ́ ọ pé ibẹ̀ ni kí èèyàn kọ́kọ́ wò. Bí àmì tótó àti igi ìdábùú (./) bá ṣáájú orúkọ náà, fáìlì tiwọn fúnra wọn ló sọnù, a jẹ́ pé ọ̀nà tí wọ́n júwe sí i ni kò tọ́. Bí orúkọ náà bá wà ní ìhòòhò, ìdì àyálò ni. Ó wà ní ìhòòhò. Ó ṣí ìwé àkójọ. Ó kà á látòkè délẹ̀, ó tún kà á látìsàlẹ̀ lọ sókè. Datekit kò sí níbẹ̀.

Ó mọ ibi tó wà. Ó wà ní Agbolé, ní Ìlaròó, níbi tí Adédọ̀tun jù ú sí. Ìbítóyè jókòó ti ìmọ̀ yẹn bí ẹni tó jókòó ti ejò.

Ó pe ọ̀gá rẹ̀. Màmá Toheebat ní kó gbé ohùn náà síta kí gbogbo àwọn gbọ́.

"Ó ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ tèmi!" Adédọ̀tun kígbe kí wọ́n tó sọ̀rọ̀ tán. "Láàárọ̀ yìí! Ẹ pa ẹ̀rọ yẹn kí ẹ tún un tàn."

Wọ́n pa á, wọ́n tún un tàn. Pupa.

"Ẹ nu gbogbo mọ́dù yẹn kúrò, kí ẹ tún wọn fà wálẹ̀. Ó kéré."

Ogún ìṣẹ́jú mìíràn. Bàbá Nàfíù sùn, ó jí. Pupa. Bóo ni kò ṣe ní í jẹ́ pupa? Àkójọ kan náà ni wọ́n tún kà. Ẹni tí a kò kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé ìpè, bí a tilẹ̀ pe ìwé náà nígbà ọgọ́rùn-ún, kò ní í jẹ́. Ọmọ ọdún méje tí Adédọ̀tun ń sọ yẹn mọ èyí.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́," Ìbítóyè rẹ ohùn sílẹ̀, "orúkọ rẹ̀ kò sí nínú àkójọ. Bóyá ti Agbolé yẹn..."

"Agbolé kí? Ìwọ lo pa á rẹ́!"

Ìwọ. Gbọ̀ngàn gbọ́ ọ. Obìnrin kan lórí bẹ́ǹṣì fa ètè.

"Màmá, ẹ má bínú," ohùn inú fóònù ń bá a lọ, ó ti wá dùn bí oyin. "Ọwọ́ bàbá yẹn ló wúwo. Nǹkan ló nù kúrò nígbà tó ń gbé e sórí ẹ̀rọ yín. Kí ó má wá síṣẹ́ ní Mọ́ńdè mọ́, màá gba ẹlòmíràn tó kàwé. Ìbítóyè! Tẹ àṣẹ kí o fa datekit yẹn wálẹ̀ kíá, kí o fi dá ohun tí o bàjẹ́ padà, kí o sì dọ̀bálẹ̀ fún màmá."

Àṣẹ yẹn kò tó ìlà kan. Ìbítóyè mọ̀ ọ́n. Ó ti kọ ọ́ dé ìdajì. Àmì kékeré tó ń ṣẹ́jú lójú ẹ̀rọ ń dúró dè é. Bó bá tẹ̀ ẹ́, àwọ̀ ewé ni. Gbogbo èèyàn á lọ sílé. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n ní ó jí ewúrẹ́, tó wá lọ fa ewúrẹ́ wá, ta ni yóò tún gbà pé kò jí i? Ọ̀rọ̀ yẹn á ṣáájú rẹ̀ dé Ìlaròó. Bàbá tó ń pa iṣẹ́ rẹ́. Kò sí ṣọ́ọ̀bù kan tí yóò tún na wáyà sí i láti tún un ṣe. Yóò sì dé etí Fadékẹ́mi ní ilé-ìwé.

Ó gbé ọwọ́ kúrò lórí ẹ̀rọ. Ó gbé e lé itan.

"N kò ní í tẹ̀ ẹ́, ọ̀gá."

"Kí lo wí?"

"Ẹ... ẹ máa bọ̀. Ẹ gbé láptọ́ọ̀pù yín bọ̀. Ẹ jọ̀ọ́."

Fóònù kú. Màmá Toheebat wò ó. "Ìbítóyè, àbúrò mi, ṣé o pa á rẹ́?"

"Rárá, màmá."

"Kí ló wá ṣe é?"

Ìbítóyè wo ẹnu ọ̀nà. "Ẹ jẹ́ kó dé. Bí mo bá sọ ọ́ lẹ́yìn rẹ̀, òfófó ni. Ojú rẹ̀ ni kí n ti sọ ọ́, kó má lè ní n kò sọ ọ́ bẹ́ẹ̀."

"Ẹ̀rù ń bà á," Bàbá Nàfíù sọ fún àwọn yòókù, bí ẹni pé Ìbítóyè kò sí níbẹ̀. "Ẹ̀rù ń bà á gidi gan-an. Síbẹ̀ kò tẹ̀ ẹ́."

Wọ́n bu omi fún un.

Oòrùn ti kọjá àtàrí kí Adédọ̀tun tó dé. Eruku pupa ti kun awò ojú rẹ̀. Ó bọ́ ọ láti nù ún, ó sì ríran dáadáa láìsí i, gbogbo èèyàn rí i. Kò kí ẹnikẹ́ni tán kó tó ṣí láptọ́ọ̀pù. Ó tẹ àṣẹ. Ewé, ewé, ewé, ewé. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yege.

"Ẹ rí i báyìí?" Ó yí láptọ́ọ̀pù náà sí wọn. "Ẹ̀yin òbí mi, iṣẹ́ kò ní àbùkù. Ẹni tó gbé e wá ló ní àbùkù. Ẹ bi í kó ka gẹ̀ẹ́sì tó wà lójú ẹ̀rọ yẹn fún yín, kí ẹ wo bí yóò ṣe máa fi ìka tẹ̀ lé e."

Àwọn méjì pàtẹ́wọ́, wọ́n rí i pé àwọn nìkan ni, wọ́n dẹ́kun.

Ìbítóyè dìde. Kò mọ ìgbà tó dìde. "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ ṣe àdàkọ fódà yẹn jáde kúrò nínú Agbolé. Ẹ gbé e sójú láptọ́ọ̀pù lásán. Kí ẹ wá tún un tẹ̀."

"Kí ni mo fẹ́ fi ìyẹn ṣe?"

"Ṣe é," Màmá Toheebat wí.

"Màmá, kò pọn dandan, ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ni, ó ní bó ṣe..."

"Ọdún márùndínlógójì ni mo fi jẹ́ tíṣà. Ọmọ tó bá ní òun kò fẹ́ ṣí ìwé òun, mo ti mọ ohun tó wà nínú ìwé náà. Ṣe é."

Adédọ̀tun fẹ́ yí bírí. Bẹ́ǹṣì kì í yí. Ó ṣe àdàkọ fódà náà. Ó gbé e síta. Ó tẹ àṣẹ pẹ̀lú ìka kan, bí ẹni tó ń tọ́ iná wò. Ẹ̀rọ rẹ̀, ẹ̀rọ olówó iyebíye, ẹ̀rọ ọmọ ìwé, dá a lóhùn lójú gbogbo wọn: òun kò mọ ẹni tí wọ́n ń pè.

Bàbá Nàfíù ló tẹjú mọ́ ọn, ó sì pariwo, "Tíṣà tún ti sá lọ! Ti ìwọ náà ti sá lọ!"

Ẹ̀rín tó sọ ní gbọ̀ngàn yẹn, àwọn ewúrẹ́ tó sùn sábẹ́ fèrèsé dìde.

Nígbà tó rọlẹ̀, Ìbítóyè ṣàlàyé. Ó ń dúró, ó ń wo ojú ọ̀gá rẹ̀, ó tún ń sọ. "Ètò yìí, bó bá ń wá nǹkan, yàrá tirẹ̀ ló kọ́kọ́ ń wò. Bí kò bá sí, á jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bí kò bá sí níbẹ̀, á lọ sí àgbàlá bàbá rẹ̀, títí dé ẹnubodè. Ní Ìlaròó, gbogbo nǹkan ló wà ní àgbàlá. Yàrá ṣófo. A kàn gbé yàrá wá síbí. Àwọn tí orúkọ wọn wà nínú àkójọ, mo rí wọn fà wálẹ̀ láàárọ̀. Datekit, wọn kò kọ orúkọ tirẹ̀."

"Ó yé mi," Bàbá Nàfíù wí. "Ọkọ ìyàwó tó ń bu iyọ̀ nínú ìkòkò ìyá rẹ̀, tó wá ń fọ́nnu pé òun ti dá ilé sílẹ̀. Ó kó ìyàwó lọ sí abà, ọbẹ̀ tẹ́, ó wá ní ẹni tó bá òun ru ẹrù ló jí iyọ̀!"

"Bàbá, kì í ṣe bẹ́ẹ̀ gan-an," Adédọ̀tun wí.

"Báwo ló ṣe jẹ́ gan-an? Sọ ọ́, a ń gbọ́."

Adédọ̀tun tún bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ń nù ún.

Ìbítóyè padà sídìí kọ̀ǹpútà ẹgbẹ́. Ó parí àṣẹ tó ti kọ dé ìdajì láàárọ̀. Datekit wọlé, orúkọ rẹ̀ sì wọ ìwé àkójọ pẹ̀lú, ó ṣí ìwé náà kí Màmá Toheebat fi ojú ara rẹ̀ rí i. Ó tún nu gbogbo mọ́dù kúrò, ó tún fà wọ́n wálẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, láti inú àkójọ nìkan, kí ẹnikẹ́ni má bàa ní ó fi nǹkan pamọ́ síbì kan. Ó tẹ àṣẹ. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yege. Ní ìdí táńkì omi, ní Ìjoun, lórí ẹ̀rọ àwọn àgbẹ̀.

Màmá Toheebat fa ìwé kan yọ, ó kọ ọ́, ó kà á sókè: "A ti gba iṣẹ́ yìí. Bí ohunkóhun bá ṣe é láti òní lọ, Ìbítóyè ni kí ẹ rán sí wa. Bí Ìbítóyè kò bá sí lọ́dọ̀ yín mọ́, àwa náà kò sí lọ́dọ̀ yín." Ó fọwọ́ sí i. Kò tíì nà án sí Adédọ̀tun.

"Ó ku ohun kan," ó ní. "Lórí fóònù, lójú èèyàn méjìlá, o ní ọkùnrin yìí pa iṣẹ́ rẹ́. Ṣé ó pa á rẹ́?"

"Ẹ jẹ́ ká gbàgbé ọ̀rọ̀ yẹn, màmá. Àwọ̀ ewé ti dé."

"A kò gbàgbé. Ṣé ó pa á rẹ́?"

"Màmá, nínú iṣẹ́ wa, nǹkan wọ̀nyí a máa ṣẹlẹ̀..."

"N kò bi ọ́ ní ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀. Ohùn tó o fi sọ ọ́ láàárọ̀ lè dé Ẹ̀gúà. Fi ohùn yẹn kan náà sọ pé kò pa á rẹ́."

Ìbítóyè ń wo ilẹ̀. Gbólóhùn kan péré ni. Ó ń retí rẹ̀ bí aláìsàn ṣe ń retí òógùn, ó sì ń bẹ̀rù pé bó bá jáde, Mọ́ńdè á le ju bó ṣe le tẹ́lẹ̀ lọ.

"Sọ̀rọ̀, ọmọ ìwé," Bàbá Nàfíù wí. "Ẹnu rẹ kò rẹ̀ ọ́ láàárọ̀."

Adédọ̀tun pa láptọ́ọ̀pù dé. Ó fi í sínú àpò, ó fa ṣíìpù rẹ̀ títí dé òpin, ó tún dá a padà, ó tún un fà. Ó wo Ìbítóyè, ó gbójú kúrò.

"Mi ò sọ nǹkan kan mọ́," ó ní.

"Gbólóhùn kan ni," Màmá Toheebat wí.

"Mo ní mi ò sọ nǹkan kan mọ́." Ìwé náà ṣì wà lọ́wọ́ Màmá Toheebat.